Ẹ má sanwó ìkànnì kí dìsáínà àti ẹni tó ń kọ ètò tó jọ sọ̀rọ̀

Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Wọ́n gbé ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924, British Museum ló sì wà títí dòní. Ọlọ́wẹ̀ ló ro bí yóò ṣe rí, òun náà ló mú ọ̀bẹ dání.

Iṣẹ́ ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ bá gbé irú iṣẹ́ yìí síta, ẹni méjì ló máa ń wà nídìí ẹ̀. Dìsáínà ló máa ya bí ojú ìwé yóò ṣe rí: àwọ̀, irú lẹ́tà, ibi tí oníbàárà máa tẹ̀. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ló máa sọ àwòrán náà di nǹkan tó ń ṣiṣẹ́, bíi bíríkìlà tó gba pláànù ilé lọ́wọ́ ẹni tó yà á. Ọ̀kan lè wà l'Ádó, kí èkejì wà l'Ékòó.

Ẹ jẹ́ ká mú alágbẹ̀dẹ kan tó ń ta ọkọ́. Dìsáínà rẹ̀ rí irú lẹ́tà kan tó rẹwà, tí wọn kò ṣe fún èdè Yorùbá, ó fi ya àwòrán, ó fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń kọ ètò kò béèrè nǹkan kan. Ọjọ́ tí ìkànnì ṣí, "ọkọ́" ti di "oko", àmì náírà (₦) sì ti di àpótí òfìfo níwájú iye owó. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n tí àmì ohùn bá tún gun orí wọn, ó di nọ́ńbà méjì tí wọ́n máa pa pọ̀. Irú lẹ́tà tí wọn kò ṣètò fún èyí, àmì rẹ̀ á fò sápá kan. Ẹni tó ń kọ ètò lè mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ló pè é nígbà tí wọ́n ń yan lẹ́tà?

Irinṣẹ́ bíi Figma, tó jáde fún gbogbo ènìyàn lọ́dún 2016, ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì wo àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọn kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣá, Figma kò ní bá wọn sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó ni kẹ́ ẹ pe àwọn méjèèjì jọ kí owó àkọ́kọ́ tó jáde. Ẹ fún wọn ní orúkọ ọjà yín gan-an pẹ̀lú àmì, àti iye owó tó gùn bíi ₦1,250,000, kí wọ́n fi hàn yín lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Ẹ bi wọ́n pé kí ni oníbàárà máa rí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tó ń sanwó lọ́wọ́. Dìsáínà sábà máa ń gbàgbé láti ya èyí. Ẹni tó ń kọ ètò á wá gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò yé ẹnikẹ́ni síbẹ̀, oníbàárà á sì sanwó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ mọ ìjà tó ń tẹ̀lé ìyẹn.

Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé dìsáínà kò ní gba owó tó kù títí ìkànnì yóò fi ṣí. Àwọn kan á kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn, àmọ́ tí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ san án lọ́jọ́ náà gan-an.