Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló kan Rotary nínú ọ̀rọ̀ ààbò?

Ẹ̀yin ará wa ní Alajo, Accra, bí ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ bíi Rotary bá pe aṣojú ìjọba tàbí ọ̀gá ológun wá sọ̀rọ̀ lórí ààbò àti àjọṣe orílẹ̀-èdè, ẹ má ṣe jókòó sílé. Rotary ti wà ní Accra láti 1958. Wọ́n á pe àlejò, á sọ̀rọ̀, ìbéèrè á sì tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ ààbò àti àjọṣe yìí kan àwa Yorùbá tó wà ní Gánà gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Busia ní kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ọjà àti ilé sílẹ̀ lọ. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé ọ̀pọ̀ ará Gánà. Láàárín méjèèjì ni wọ́n dá ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Èkó, ní 1975; àdéhùn 1979 ló jẹ́ kí oníṣòwò Èkó lè wọ Accra láìgba físà, kó lo àádọ́rùn-ún ọjọ́.

Ṣùgbọ́n Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú ECOWAS ní oṣù kìíní 2025. Bẹ́ẹ̀ Burkina ni ọ̀pọ̀ tòmátì tí à ń sè ní Accra ti ń gba ẹnubodè Paga wọlé. Nítorí náà, ẹ nawọ́ sókè, kẹ́ ẹ bi àlejò náà: ta ló ń ṣọ́ àwọn ìyá alátòmátì lójú ọ̀nà yẹn?