Hílíọ́ọ̀mù láàrin Àwọn Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀: Àfiwé Ìwà Àwọn Ẹ́límẹ́ǹtì

1. Ìfáárà

Ní Dópẹ̀mú, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tí ó lọ sí Abẹ́òkúta, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, àwọn jórinjórin a máa da ọ́síjìn pọ̀ mọ́ gáàsì tí kábáàdì ń tú jáde nínú omi, wọn a sì fi iná rẹ̀ gé irin. Bí àwọn òbí bá sì ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ, wọn a máa so fèrè tí ó ń léfòó mọ́ ẹ̀yìn àga. Ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá hílíọ́ọ̀mù ni ó wà nínú fèrè náà tàbí háídírójìn. Síbẹ̀, ọ̀kan kì í jóná. Èkejì lè gbiná lójijì lẹ́bàá àbẹ́là. Iṣẹ́ yìí gbìyànjú láti ṣàlàyé ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà.

2. Hílíọ́ọ̀mù àti Háídírójìn

Àwọn méjèèjì ni ó fúyẹ́ jù lọ nínú gbogbo ẹ́límẹ́ǹtì. Bí a bá ka ìwúwo gáàsì háídírójìn sí 2, ti hílíọ́ọ̀mù jẹ́ 4, ti afẹ́fẹ́ sì tó 29. Ìdí nìyí tí méjèèjì fi ń gbé fèrè lọ sókè. Ṣùgbọ́n ìwúwo kọ́ ni ó ń sọ ìwà. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 1 péré ni átọ́ọ̀mù háídírójìn ní, bẹ́ẹ̀ ìpele rẹ̀ gba 2. Nítorí náà ni ó fi ń wá ẹnìkejì. Bí iná bá kàn án, ó ń bá ọ́síjìn ṣọ̀kan, ó sì ń di omi. Ní ti hílíọ́ọ̀mù, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 2 rẹ̀ ti kún ìpele náà. Agbára tí a ó fi yọ ọ̀kan kúrò tó 2372 kilojúùlù fún móòlù kan, nígbà tí ti háídírójìn jẹ́ 1312. Kò sí ẹ́límẹ́ǹtì tí ó ju hílíọ́ọ̀mù lọ nínú èyí.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1937, ọkọ̀ òfuurufú Hindenburg ti ilẹ̀ Jámánì, tí háídírójìn kún inú rẹ̀, jóná ní Lakehurst ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 36 ni ó kú. Amẹ́ríkà, tí ó ní hílíọ́ọ̀mù, kò tà á fún Jámánì.

3. Hílíọ́ọ̀mù àti Àwọn Yòókù

Bí ó bá jẹ́ iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta nìkan ni a ń wò, ọ̀dọ̀ bẹ̀rílíọ́ọ̀mù àti màgníṣíọ́ọ̀mù ni à bá to hílíọ́ọ̀mù sí, nítorí pé 2 ni àwọn náà ní. Ṣùgbọ́n ìpele ìta tiwọn kò kún. Wọ́n ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn sílẹ̀, màgníṣíọ́ọ̀mù sì ń jó pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ funfun. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwà jọ̀wà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ̀rẹ́. Nítorí ìwà ni àwọn onímọ̀ fi to hílíọ́ọ̀mù mọ́ níọ́ọ̀nù àti ágọ́ọ̀nù, tí wọ́n ní 8 ní ìpele ìta.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọ̀nyí pàápàá kò dọ́gba. Ní ọdún 1962, Neil Bartlett mú kí sẹ́nọ́ọ̀nù bá ẹ́límẹ́ǹtì mìíràn ṣọ̀kan, nítorí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta sẹ́nọ́ọ̀nù jìnnà sí àárín átọ́ọ̀mù. Ti hílíọ́ọ̀mù sún mọ́ àárín pẹ́kípẹ́kí, a sì dì í mú ṣinṣin.

4. Ìkádìí

Ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún aráàlú. Jórinjórin tí ó ń jó alumíníọ́ọ̀mù ń fi ágọ́ọ̀nù tàbí hílíọ́ọ̀mù dáàbò bo ojú irin gbígbóná lọ́wọ́ ọ́síjìn. Oníṣòwò fèrè gbọ́dọ̀ mọ gáàsì tí ó wà nínú sìlíńdà rẹ̀ kí ó tó sún mọ́ iná. Ṣùgbọ́n àìjóná kì í ṣe àìléwu: hílíọ́ọ̀mù kì í ṣe májèlé, síbẹ̀ ẹni tí ó bá ń fà á símú láti inú sìlíńdà lè kú, nítorí pé ó ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró.