Àbá Akẹ́kọ̀ọ́ Kan Lórí Ìwé Inú Ẹ̀rọ

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì tọrọ ohunkóhun. Àbá ni ó mú wá. Ó ní kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga pa ìwé bébà tì, kí gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ di èyí tí a ó máa kà nínú ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn lè fi í rẹ́rìn-ín. Àwa kò fi í rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ìwé tí ó fi ṣe ìpìlẹ̀ kò ní àríyànjiyàn nínú. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ bébà mẹ́ta sílẹ̀ láyé ọjọ́un, ní Jẹ́bà, ní Oku-Iboku àti ní Ìwópin, síbẹ̀ òkè òkun ni a ti ń ra bébà ìtẹ̀wé. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Júnì ọdún 2023 ti kọjá 1,400 ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2024. Ta ni kò mọ̀ pé ìwé yóò gòkè bá a?

Ọmọ náà tọ́ka sí Yunifásítì Rice ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé ẹ̀kọ́ jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2012 lábẹ́ orúkọ OpenStax. Àpẹẹrẹ rere ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó sọ ìwé wọ̀nyí di ọ̀fẹ́. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ni ó ti san owó àwọn tí ó kọ wọ́n. A sì lè tẹ̀ wọ́n sórí bébà bí a bá fẹ́. Ìwé inú ẹ̀rọ tí a ń tà lè wọ́n gógó. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú ìwé Houston tí yóò kọ́ ọmọ wa ní gírámà Yorùbá.

Ibi tí ọkàn wa kò ti balẹ̀ ni ti ẹni tí ó ni ìwé. Ní oṣù Júláì ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ Amazon rí i pé ẹni tí ó kó ìwé méjì kan tí George Orwell kọ wá sí ọjà òun kò ní ẹ̀tọ́ láti tà wọ́n. Wọ́n nu ìwé náà kúrò nínú ẹ̀rọ Kindle àwọn tí ó ti sanwó, wọ́n sì dá owó wọn padà. Ọmọ ilé-ìwé kan wà láàrin wọn tí ó ti ń ṣe àkọsílẹ̀ sí ìwé náà fún iṣẹ́ kíláàsì; ìwé lọ, àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sì wúlò mọ́. Jeff Bezos, olórí ilé-iṣẹ́ náà, tọrọ àforíjì ní gbangba. Ní ọdún 2019, Microsoft ti ilé ìtàwé tirẹ̀, ìwé àwọn oníbàárà sì bá a lọ. Ìwé bébà ńkọ́? Bí olùtàwé bá fẹ́ gbà á padà, yóò wá kanlẹ̀kùn ni. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ ni èmi tí mo ń kọ èyí fi kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Orúkọ ẹni mẹ́ta ni ó wà lẹ́yìn páálí rẹ̀ kí ó tó kan tèmi.

Ta ni yóò sì ra ẹ̀rọ? Lẹ́tà náà dákẹ́. Nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde fún ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní ọdún 2013, ìwé ti wà nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ. Kò di ìgbà tí ó bá ra dátà. Ìyẹn yàtọ̀ sí pé kí olúkúlùkù lọ wá fóònù tirẹ̀. Kí a má sì gbàgbé àwọn afọ́jú: ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ wọn pe Arizona State University lẹ́jọ́, nítorí pé Kindle tí wọ́n fẹ́ fi dán irú ètò yìí wò lè kàwé sókè, ṣùgbọ́n afọ́jú kò lè dá ṣí ìwé nínú rẹ̀.

Èrò tiwa ni pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ́kọ́ mú ìwé ọ̀fẹ́ lò níbi tí ó bá wà, kí wọ́n tẹ ẹ̀dà díẹ̀ sí ilé ìkàwé, kí wọ́n sì bẹ àwọn olùkọ́ wa tí ìwé wọn kò sí lọ́jà mọ́ kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá tún lẹ́tà rẹ̀ kọ, tí ó sọ fún wa ẹni tí yóò san owó ẹ̀rọ àti ibi tí àbúrò rẹ̀ yóò ti rí ìwé jogún, àyè rẹ̀ wà lójú ewé yìí.