Kí iná tó lọ: bí a ṣe ń yan pọ́ọ̀mpù fún iyùn alààyè ní Kútọnu

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kútọnu kò nílò ògbufọ̀ kó tó gbọ́ apá kan nínú orúkọ ìlú náà. Ní èdè Fọ̀n, "kú" ni ikú, "tọ̀" ni odò tàbí ọ̀sà, "nu" sì ni ẹnu: ẹnu odò ikú. Síbẹ̀, odò tí wọ́n fi ikú pè yìí kì í sinmi. Ní ọdún 1885 ni àwọn Faransé gbẹ́ ojú omi tó so ọ̀sà Nokoué pọ̀ mọ́ òkun kí ìkún omi lè rọlẹ̀. Láti ìgbà náà, omi iyọ̀ a máa ti inú òkun wọ ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá di nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá tí odò Ouémé kún, omi tí kò níyọ̀ a tì í padà síta. Lójúmọ́ pàápàá, òkun a kún lẹ́ẹ̀mejì, a sì fà lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí òkun àti òṣùpá ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ yìí ni ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú iyùn alààyè nínú àpótí dígí ńlá yóò fi owó àti iná mànàmáná ṣe. Yálà ilé ìtura ló fẹ́ ẹ o, yálà ó fẹ́ gbé e sí pálọ̀ ilé ara rẹ̀, ohun tí oníbàárà sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pọ́ọ̀mpù tó lágbára jù. Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ òmíràn wà tó yẹ kó ṣíwájú rẹ̀: bí iná bá lọ lóru, kí ni yóò ṣì máa rọ́ omi?

Kí ni iyùn ń fi ìṣàn omi ṣe?

Iyùn tí a mọ̀ sí ọrùn ọba, egungun ẹranko inú omi ni, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti Òkun Mẹditaréníà wá. Ìbátan rẹ̀ ni èyí tó ń kọ́ òkìtì sínú òkun ilẹ̀ olóoru. Ẹranko ni òun náà: ó lẹ́nu, ó lọ́wọ́ wẹ́wẹ́, àwọn ọ̀gbìn tí ojú lásán kò lè rí sì ń gbé inú ẹran ara rẹ̀, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un. Ohun kan ṣoṣo tí kò ní ni ẹsẹ̀. Oúnjẹ àti ọ́síjìn ní láti wá bá a níbi tó wà, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ní láti rí ẹni gbé e lọ. Bí omi bá dúró, omi tó ti lò tán yóò lẹ̀ mọ́ ọn lára bí aṣọ tó tutù. Ìṣàn ló ń bọ́ aṣọ náà kúrò.

Etíkun Kútọnu kò ní òkìtì iyùn. Iyanrìn ni ilẹ̀ òkun ibẹ̀, àwọn odò ń da ẹrẹ̀ sí i, omi tútù sì máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Nítorí náà, òkun mìíràn ni ẹni náà fẹ́ dá sínú ilé rẹ̀. Àpótí tó gba 1,000 lítà nílò iyọ̀ òkun tó tó kílò 35 ó kéré tán. Iyùn líle tó ń kọ́ òkìtì sì wà lábẹ́ àdéhùn CITES, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kó tó kọjá ẹnubodè.

Iṣẹ́ méjì, pọ́ọ̀mpù méjì

Ẹni tó pọn omi gun àtẹ̀gùn àti ẹni tó dúró nínú odò tó ń fi ọwọ́ ru omi, iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni pọ́ọ̀mpù inú àpótí iyùn.

Èkínní ni èyí tó ń gbé omi láti inú àpótí ìsàlẹ̀, níbi tí asẹ́ wà, padà sókè. Iye lítà tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí kò gbé omi gòkè rárá. Bí páìpù bá ṣe ga sí i, tó sì ṣe ń kọ igun sí i, ni iye náà ń dín kù. Ìdí nìyí tí olùrajà fi gbọ́dọ̀ wo àwòrán ìlà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é yà, kó wo iye tí yóò gbé ní mítà kan ààbọ̀, kó má wo iye orí páálí nìkan. Fún 1,000 lítà, 3,000 sí 5,000 lítà ní wákàtí kan tó.

Èkejì, èyí tó ń ru omi, inú àpótí gan-an ló ń gbé. Kò gbé omi gòkè, nítorí náà ó lè ti omi púpọ̀ pẹ̀lú iná díẹ̀. Òun ni iyùn ń wò lójú. Òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń tọ́jú iyùn máa ń lò ni iye ìgbà tí omi àpótí yóò yí po ní wákàtí kan: bí ìgbà 10 sí 20 fún iyùn aláwọ̀ rírọ̀, ìgbà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún iyùn ẹlẹ́ka tó fẹ́ràn ìgbì. Fún àpótí wa, ìyẹn lè tó 40,000 lítà ní wákàtí kan. Má fi pọ́ọ̀mpù kan ṣe é. Ọ̀kan tó lágbára jù yóò bó ẹran lára iyùn tó wà níwájú rẹ̀, ìdọ̀tí yóò sì kó jọ sẹ́yìn òkúta. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dojú kọ ara wọn láti igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàn jù, bí ọ̀kan bá sì kú, àwọn tó kù kò ní jẹ́ kí omi dúró.

Pọ́ọ̀mpù VorTech tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà fi mọ́tò rẹ̀ sí ẹ̀yìn dígí, mágínẹ́ẹ̀tì ló fi ń yí abẹ̀bẹ̀ tó wà nínú omi. Èyí kì í jẹ́ kí ooru mọ́tò wọ inú omi tààrà. Tunze ti Jámánì rì sínú omi pátápátá. Ooru kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Kútọnu, nítorí iyùn fẹ́ omi tí kò ju nǹkan bí 27 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ. Pọ́ọ̀mpù 100 wáàtì tó wà nínú omi tọ̀sán tòru lè fi ooru tirẹ̀ nìkan gbé 1,000 lítà sókè ní ìwọ̀n méjì lójúmọ́ bí ooru náà kò bá ráyè jáde.

Ṣọ́ra fún ẹrù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Iná ibẹ̀ jẹ́ 120 fóòtì, 60 Hz. Ti orílẹ̀-èdè Benin jẹ́ 220, 50 Hz. Kódà bí o bá fi tiransifọ́mà ṣe fóòtì rẹ̀, mọ́tò tó ń tẹ̀lé Hz iná yóò fi ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀. Èyí tó ń lo 24 fóòtì tààrà, tí adápítà rẹ̀ sì gba 100 sí 240, kò ní ìṣòro yìí.

Kí ni kọ̀ntírólà wà fún?

Ìṣàn tó ń lọ síbì kan náà láàárọ̀ lálẹ́ kò jọ òkun. Kọ̀ntírólà ló ń sọ fún pọ́ọ̀mpù pé kí ti ọ̀tún sáré kí ti òsì sinmi, kí wọ́n pààrọ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kí wọ́n rọra lóru, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ẹja bá ń jẹun. Àwọn ńlá bí Apex àti ProfiLux tún ń wo ooru omi, wọ́n sì ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù.

Ọgbọ́n yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dá sí i. Bruce Carlson ti Waikiki Aquarium ní Hawaii gbé àpò omi kan sókè, ó ń jẹ́ kí pọ́ọ̀mpù kékeré rọra kún un. Bó bá ti kún, páìpù tó tẹ̀ bí ìwọ̀ yóò fa gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbì. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ó sì ń ta omi iyọ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó lè gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé yìí ló yẹ kí olùrajà Kútọnu dì mú. Kọ̀ntírólà tó gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì kó tó mọ ohun tí yóò ṣe, tàbí tó nílò kí ènìyàn tún un ṣètò lẹ́yìn tí iná bá dé, kò yẹ ní ìlú yìí.

Tí iná bá lọ ńkọ́?

"Délestage" ni wọ́n ń pè é ní Kútọnu, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ kì í gbà ju nǹkan bí mílígíráàmù 6.5 ọ́síjìn nínú lítà kan. Lóru, àwọn ọ̀gbìn inú iyùn kì í ṣe ọ́síjìn mọ́. Iyùn, ẹja àti kòkòrò inú òkúta ló ń fà á. Bí ojú omi kò bá mì, tuntun kò ní wọlé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bátìrì méjì oní-12 fóòtì, 50 Ah, tí a so tẹ̀lé ara wọn di 24 fóòtì, ó sì ní 1,200 wáàtì-wákàtí nínú. Bí a kò bá fẹ́ pa á, ìdajì la ó lò: 600. Pọ́ọ̀mpù méjì tí a dín kù sí wáàtì 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi ìyẹn ṣiṣẹ́ fún bí ọgbọ̀n wákàtí láìsí jẹnẹrétọ̀. Kọjú wọn sí òkè, kí wọ́n máa fọ́ ojú omi. Pọ́ọ̀mpù tó ń gbé omi gòkè lè sinmi ní tirẹ̀, bí àpótí ìsàlẹ̀ bá ṣáà ti ní àyè fún omi tí páìpù yóò dà padà, kí pálọ̀ má di ọ̀sà. Omi iyọ̀ àti iná kò sì bára tan: ní kí oníná fi disjoncteur différentiel oní-30 mA sí i, ìyẹn ohun tó ń gé iná bí iná bá ń jò.

Kí o tó fi iyùn kan sí àpótí náà, dúró di alẹ́, kí o fa wáyà rẹ̀ yọ kúrò lára ògiri. Jókòó tì í di ìdájí. Dá iná padà, kí o má fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́. Bí ojú omi kò bá ṣíwọ́ mímì láti alẹ́ dé ìdájí, tí gbogbo pọ́ọ̀mpù sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn fúnra wọn, ó kù kí o lọ wá iyùn.