Ọyẹ́ Ti Dé: Ìmọ̀ràn Àwọn Ìyá Wa Lórí Ọ̀fìnkìn, Èyí Tó Dáa Àtèyí Tó Léwu

Ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè sọ pé ọyẹ́ mú, àmọ́ kó wá wo Jos nínú oṣù Kejìlá kó tó sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ibí fi ohun tó lé ní 1,200 mítà ga ju òkun lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí òtútù wa yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Terminus láago méje àárọ̀, súwẹ́tà méjì lẹ máa wọ̀, ìka ò sì ní lè ka owó dáadáa.

Àsìkò yìí náà ni fóònù máa ń dún láti ilé. Ìyá ni. “Má fi omi tútù wẹ̀ o. Dé fìlà fún ọmọ. Má sùn sórí sìmẹ́ńtì. Fi òrí pa imú. Tó o bá ti fi omi gbígbóná wẹ̀, má jáde mọ́. Tilẹ̀kùn dáadáa, kó o gbé iná wọlé.”

Ṣé òótọ́ ni gbogbo ẹ̀? Àwọn kan dáa, àwọn kan ò ṣe nǹkan kan, ọ̀kan sì wà níbẹ̀ tó ń pààyàn. Torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe ń kọ èyí.

Èdè wa ló kọ́kọ́ tì wá síbẹ̀. Tára ò bá yá, a ó ní òtútù ń mú wa. Àìsàn tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà, òtútù àyà la pè é. A wá gbà pé afẹ́fẹ́ tútù ló ń wọnú ara lọ dàrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tójú ò lè rí, tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, ló ń fa ọ̀fìnkìn, irú wọn sì ju 200 lọ. Ẹni tó ti ní in ló ń kó o ran ẹlòmíì, nígbà tó bá sín tàbí tó bá wúkọ́, tàbí nípa ọwọ́ tó fi nu imú. Bí kò bá sí fáírọ́ọ̀sì yẹn, èèyàn lè gbọ̀n títí ilẹ̀ á fi mọ́, ọ̀fìnkìn ò ní ṣe é.

Síbẹ̀ àwọn ìyá wa ò purọ́. Wọ́n ti rí i pé tí ọyẹ́ bá dé, ọ̀fìnkìn á dé. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, eruku kún inú ẹ̀, ó máa ń gbẹ ihò imú débi pé ó lè là, imú ò sì ní lè dá kòkòrò dúró bó ṣe yẹ mọ́. Èyí tó tún burú jù ni pé gbogbo wa la máa ń sá wọlé, èèyàn mẹ́fà nínú yàrá kan, fèrèsé ní títì. Ẹnì kan sín, gbogbo ilé gbà á.

Torí náà, òrí ò lè pa fáírọ́ọ̀sì, àmọ́ kì í jẹ́ kí awọ là. Ẹ máa lò ó. Fìlà ọmọ, ẹ má yọ ọ́, orí ni ọmọ tuntun ti máa ń tètè tutù. Ẹ̀kọ gbígbóná, atalẹ̀ àti oyin máa ń tu ọ̀fun lára, àmọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ò gbọ́dọ̀ lá oyin rárá. Ti kéèyàn wẹ̀ tán kó má jáde, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìyá.

Ohun tí ìyá ò rántí sọ ni ti ọwọ́, bẹ́ẹ̀ àwa oníṣòwò ló kàn jù. Ẹ wo ara yín lọ́jà: a ó fi itọ́ tọ́ ìka ká tó ka owó, a ó fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹnu sínú náílọ́ọ̀nù kó lè ṣí ká tó kó ọjà oníbàárà sí i, a ó tún fi ọwọ́ kan náà nu imú. Ẹ gbé omi àti ọṣẹ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé omi yẹn máa ń tutù bíi yìnyín. Èmi náà máa ń sá fún un.

Wàyí o, ti iná. Ní abúlé, inú ilé ìdáná tí èéfín ń rọ́nà jáde ni wọ́n ti ń yáná. Yàrá tiwa níbí, búlọ́ọ̀kù ni, síìlì wà lókè, a sì tún fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Èédú tó bá ń jó níbẹ̀ máa ń tú gáàsì kan jáde tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í ta ojú. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ tó ń mú wa wà láàyè. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á kọ́ni, èébì lè tẹ̀lé e, oorun á wá gbé èèyàn lọ.

Ọdún kejì tí mo dé Jos, èmi àtìyàwó mi gbé àdògán eléèédú wọlé, a sùn. Igbe ọmọ ló jí mi lóru. Mo dìde, ẹsẹ̀ ò gbé mi, ṣe ni mo rákò dé ẹnu ọ̀nà kí n tó ṣílẹ̀kùn. Tọ́mọ yẹn ò bá ké ńkọ́? Látìgbà náà, ìta la ti ń yáná, a ó sì fi í síta ká tó wọlé. Jẹnẹrétọ̀ náà, gáàsì kan náà ló ń tú. Ẹ má tìtorí olè gbé e sí kọ́rídọ̀.

Ẹ tún mọ ìyàtọ̀ àìsàn. Ọ̀fìnkìn, táwọn Hausa ń pè ní mura, máa ń lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Kápúsù pupa àti yẹ́lò tí wọ́n ń gbé kiri ọjà ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí náà ni yírùnyírùn, ìyẹn sankarau, máa ń jà lápá Òkè Ọya. Tí ara bá gbóná janjan, tí orí ń fọ́, tí ọrùn le débi pé àgbọ̀n ò lè kan àyà, ẹ má fi àgbo dán an wò, ilé ìwòsàn ni lóru ọjọ́ náà. Ọmọ tí mímí rẹ̀ bá ń yára, tí egbẹ́ ẹ̀ ń wọnú tó bá mí, òtútù àyà nìyẹn lè jẹ́. Ẹ gbé e lọ kíákíá.

Nísinsìnyí tára yá, ẹ béèrè ilé ìwòsàn tó máa ń ṣí lóru ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá kan tó lè gbé yín débẹ̀.