Omi Adìẹ Tó Ń Yé Ẹyin



Nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, nígbà tí oòrùn Parakou bá mú gan-an, ẹ lè rí agbébọ̀ adìẹ ní ọjà Arzèkè tí ẹni tó ni ín gbé wá tà nítorí pé kò yé ẹyin mọ́. Wọ́n á ní ó ti gbó. Ẹlòmíràn á ní aráyé ló ń ṣe é. Ó lè ti gbó lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ sàba ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé tiyín lọ sọ́jà, kí ẹ tà á ní ẹ̀dínwó, ẹ kọ́kọ́ wo abọ́ omi rẹ̀.

Ẹ fọ́ ẹyin kan sínú abọ́, kí ẹ kó èèpo rẹ̀ dànù. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó wà nínú abọ́ yẹn, omi ni. Níbo ni adìẹ yóò ti rí omi náà bí kò bá mu ún?

Adìẹ kì í làágùn bí èèyàn. Bí ooru bá mú un, yóò la ẹnu sílẹ̀, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Èémí yẹn ló fi ń tu ara rẹ̀, ó sì ń gbé omi jáde lára rẹ̀. Bí kò bá rí òmíràn mu, ooru lè pa á lọ́sàn-án gangan.

Adìẹ tí òùngbẹ ń gbẹ kì í jẹun dáadáa. Ẹ da àgbàdo sílẹ̀ fún un, yóò ṣa díẹ̀, yóò fi í sílẹ̀. Ẹyin á dínkù. Bí kò bá rí omi rárá fún ọjọ́ méjì, ó lè dáwọ́ ẹyin dúró, kí ìyẹ́ rẹ̀ máa já bọ́, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tún yé. Kíndìnrín rẹ̀ náà ń jìyà, nítorí omi ló fi ń fọ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí omi bá kéré títí, ìdọ̀tí náà á dì: bí ẹ bá pa irú adìẹ bẹ́ẹ̀, ẹ lè rí nǹkan funfun bí ẹfun lára ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Omi mélòó ló tó? Adìẹ kan lè mu ìdá kan nínú mẹ́rin lítà lóòjọ́. Nígbà ooru, ó lè tó ìdajì lítà. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: adìẹ 10, lítà 5. Garawa tó gba lítà 20 yóò tó wọn fún ọjọ́ mẹ́rin. A mọ̀ pé ọ̀nà kànga jìn, orí ìyá àti ọmọ ni omi náà sì ń gbà délé. Síbẹ̀, àṣẹ́kù omi ìfọbọ́ kò lè tó wọn, ọṣẹ sì wà nínú rẹ̀.

Omi lè wà kí adìẹ má lè mu ún. Omi tí oòrùn ti sè, wọn kì í fẹ́ ẹ. Ẹ lo abọ́ amọ̀, kí ẹ gbé e sábẹ́ igi, kí ẹ sì pààrọ̀ omi rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Àkùkọ tó lágbára a máa lé àwọn yòókù kúrò nídìí omi. Abọ́ méjì tó jìnnà síra ló dára. Bí òròmọdìẹ bá wà níbẹ̀, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú abọ́ kí wọ́n má baà kú sómi.

Bí ẹ bá ń ra adìẹ ní Arzèkè, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìdájí láìfún un lómi. Ẹ wo ogbe orí rẹ̀ bóyá ó ti sunkì, tó sì ti dúdú. Ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti jìn wọnú. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ tú u sábẹ́ òjìji, kí ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó fún un ní ọkà. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí àrùn, kí ó sì ní abọ́ omi tirẹ̀.