Ọyẹ́ Dé, Iná Lọ: Ibo Ni Ooru Ń Gbà Sá Kúrò Nílé?

Ìlú tí wọ́n ti ń ṣọ́ iná mọ̀nàmọ́ná gbogbo Nàìjíríà ni Òṣogbo. Ibẹ̀ ni National Control Centre wà, níbi tí àwọn ẹnjiníà ti ń wo gírìdì tọ̀sán-tòru kí ìgbì iná má baà yà kúrò lórí 50 hertz. Bí gírìdì bá dojú bolẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún 2024, àwọn ni wọ́n ń darí bí wọ́n ṣe ń gbé e dìde padà ní ẹsẹẹsẹ. Síbẹ̀, pé èèyàn ń gbé ní Òkè-Fíà ní Òṣogbo kò ní kó rí iná ju ará Iléṣà lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni ì bá jẹ́, àfi bó bá bọ́ sí àárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, tí kẹ́tùlù kò ṣeé tàn, tí omi inú dúrọ́ọ̀mù sì tutù nini láàárọ̀.

Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn, láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń ti Bodélé wá, ilẹ̀ kòtò ńlá kan ní orílẹ̀-èdè Chad tó jẹ́ ìsàlẹ̀ omi láyé àtijọ́, nígbà tí adágún Chad ṣì fẹ̀ ju bó ti wà lónìí lọ fíìfíì. Atẹ́gùn ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi, ọ̀nà ibẹ̀ há, eré rẹ̀ á sì le sí i, á wá máa gbá ẹrọ̀fọ̀ gbígbẹ ilẹ̀ adágún náà sókè. Nígbà tó bá fi dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹni tó dúró ní Ìmẹ̀sí-Ilé kì í rí òkè tó kọjú sí i mọ́.

Àmọ́ eruku kọ́ ló ń mú òtútù wá. Gbígbẹ afẹ́fẹ́ ni. Ooru tí ilẹ̀ àti òrùlé gbà sára lọ́sàn-án máa ń padà sójú ọ̀run lálẹ́. Nígbà òjò, ọ̀rinrin àti ìkùukùu ń dá apá kan rẹ̀ dúró. Ọyẹ́ ti lé àwọn méjèèjì lọ, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán fi lè gbóná kọjá 30°C, tí ìdájí tó tẹ̀ lé e á sì bọ́ sí abẹ́ 18°C. Iye yẹn gan-an, 18°C, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, dárúkọ lọ́dún 2018 pé kí inú ilé má ṣe tutù jù ú lọ láwọn orílẹ̀-èdè olótùútù. Ẹni tó bá ní òtútù Iléṣà kì í ṣe òtútù, kó lọ sọ ọ́ fún arúgbó tó ń gbé níbẹ̀.

Ilé náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ògiri alámọ̀ nípọn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gba ooru lọ́sàn-án, díẹ̀díẹ̀ náà ló ń tú u sílẹ̀ lóru. Páànù kò mọ irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Kíá ló ń gbóná, kíá ló ń tutù, lóru ọyẹ́ ó tilẹ̀ lè tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ẹni tí kò bá ní sílìn, abẹ́ irin tútù ló sùn sí. Ilẹ̀ símẹ́ǹtì náà ń fa ooru lára ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lé ẹní lásán, nítorí náà páálí kan tàbí fọ́ọ̀mù kan lábẹ́ ẹní lè ṣe oore ju kúbùsù kejì lókè lọ.

Ara èèyàn fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ ooru tí kò nílò NẸ́PÀ. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru bíi wáàtì 100 jáde, iye tí gílóòbù ayé àtijọ́ kan ń jẹ. Aṣọ kì í dá ooru kankan sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òwú ni kì í jẹ́ kí ooru ara tètè sá. Nítorí èyí ni aṣọ fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ lé ara wọn fi sábà máa ń gbani ju ẹyọ aṣọ nínípọn kan lọ, òun náà ló sì mú kí kíjìpá, aṣọ tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì ìdúró, gbayì lásìkò ọyẹ́. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n kúkú ń jẹ́ Òṣómàáló, àwọn tó ń ru aṣọ kiri tà láwìn jákèjádò Nàìjíríà láyé ìgbà kan, tí wọ́n á lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi sanwó. Ta ló tún yẹ kó mọ iyì aṣọ tó wọn? Ti òrí yàtọ̀ díẹ̀. Kì í mú ara gbóná bí ọ̀pọ̀ ti rò. Kí ara má baà gbẹ, kí ètè àti ẹsẹ̀ má baà sán, ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ibi tí ewu ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí èèyàn ti gbé iná wọ yàrá. Àwọn àgbà ń yáná láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni, tàbí ilé ìdáná tí èéfín ń gba ojú àjà jáde. Yàrá òde òní kò rí bẹ́ẹ̀: wíńdò onígíláàsì tó ń sún pa dé, ilẹ̀kùn irin, àkísà tí wọ́n ká sábẹ́ ilẹ̀kùn kí eruku má baà wọlé. Èédú kì í sì rú èéfín bí igi, ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Bó ṣe ń jó pupa wẹ̀ẹ̀ ló ń tú gáàsì carbon monoxide jáde, gáàsì tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn. Ẹ̀jẹ̀ ń gbá a mú ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bó ti ń gbá ọ́síjìn mú lọ, nítorí náà, kékeré rẹ̀ ti tó láti gba àyè tó yẹ kí ọ́síjìn wà. Orí á kọ́kọ́ fọ́, èébì á fẹ́ gbéni, òòyì á kọ́ni, lẹ́yìn náà oorun. Ẹni tó ti sùn tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ìkankan nínú wọn.

Jẹnẹrétọ̀ ń tú gáàsì kan náà jáde. Nítorí olè, àwọn kan ń gbé e sí kọ́rídọ̀ tàbí fáráńdà, wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á sùn. Ìta gbangba ni ibùjókòó rẹ̀, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí wíńdò tàbí ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, ti aládùúgbò pẹ̀lú. Ẹni tí gáàsì náà bá ti mú, kí wọ́n gbé e jáde síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn: nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì gáàsì náà tó kúrò lẹ́jẹ̀, bí wọ́n bá fi ọ́síjìn ilé ìwòsàn sí i nímú, wákàtí kan àti díẹ̀ ni.

Olówó náà ń ṣe àṣìṣe yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, yìnyín bo ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, iná lọ nílé tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ, ẹ̀rọ amúlégbóná sì kú. Houston, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ náà ka òkú 246. Òtútù fúnra rẹ̀ ló pa 161 nínú wọn. 19 ló jẹ́ pé carbon monoxide ni, iná tó jó ilé sì pa 10.

Ti Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń wá lọ́nà míì. Bọ́ílà onígáàsì ló ń mú omi gbóná káàkiri ilé, ó sì lè kú lóru tí yìnyín mú jù lọ nítorí ohun kékeré: omi tí bọ́ílà ń dà nù ń gba inú páìpù oníke kan jáde síta, omi náà á dì, ẹ̀rọ á sì pa ara rẹ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe èyí tó ń hó, tí wọ́n bá rọra dà sórí páìpù náà, sábà máa ń yanjú rẹ̀. Fún ayálégbé ní England, òfin Landlord and Tenant Act ti ọdún 1985, ìsọ̀rí 11, ti dì í mọ́ onílé lọ́rùn pé òun ni yóò tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe. Kò pọn dandan kí ayálégbé bẹ̀bẹ̀.

Ẹni tí òtútù ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù lọ ni ẹni tí kò lè sọ pé òtútù ń mú òun. Ọmọ tuntun kì í gbọ̀n bí àgbàlagbà. Ọ̀rá pàtàkì kan tó wà lára rẹ̀ ló ń jó láti dá ooru sílẹ̀, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò sì ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 36.5 àti 37.5°C. Ínkúbétọ̀ ni wọ́n ṣe fún irú wọn, ṣùgbọ́n iná mọ̀nàmọ́ná ni ínkúbétọ̀ ń jẹ.

Ní Bogotá, olú-ìlú Colombia, ẹ̀rọ yìí kò kárí ọmọ lọ́dún 1978 nígbà tí dókítà Edgar Rey ní kí àwọn ìyá máa gbé ọmọ lé àyà, ara kan ara. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń dúró kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ìwádìí kan tí WHO darí, tó jáde lọ́dún 2021, ló bi í léèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n dúró. Nínú orílẹ̀-èdè márùn-ún tó kópa, Nàìjíríà wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn Fásitì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe é; abẹ́ àkóso ilé ìwòsàn yìí kan náà ni Wesley Guild Hospital ti Iléṣà wà. Ọmọ 3,211 ni wọ́n tọ́jú, ìwọ̀n wọn kò tó kílò 1.8. Nínú àwọn tí wọ́n gbé lé àyà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Nínú àwọn yòókù, 15.7. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò, kí gbogbo ọmọ lè jàǹfààní.

Wọ́n dé ọmọ ní fìlà, wọ́n wọ dáyápà fún un, wọ́n sì fi aṣọ dì í mọ́ àárín ọmú ìyá. Ìwẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, WHO ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì àti ìyá àgbà tó ti gbé kànìnkàn dání kì í tètè gbọ́ra wọn yé.

Nǹkan bíi wákàtí 17 lójúmọ́ ni ọmọ ń lò láyà nínú ìwádìí náà, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò sì lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Nítorí náà, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá sínú wọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, wọ́n sì gba ẹbí láàyè láti bá a gbé e, kí òun náà lè jẹun, kó wẹ̀, kó sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.